Mùnírátù àti Ọmọ Tó Fi Sílẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́

Orúkọ ọmọ méjì ni àwọn ará àdúgbò Lásunwọ̀n ní Ìkòròdú ti fi pe Mùnírátù láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ. Èkíní ni Ìyá Mubashir. Oṣù mẹ́wàá péré ni wọ́n fi pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ọmọ náà kú, kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má pè é ní orúkọ yẹn mọ́. Ahọ́n àwọn ènìyàn ló kàn kọ̀ ọ́. Wọ́n padà sí "Ìyàwó Afọlábí" títí tó fi bí Waliyah, tó sì di Ìyá Waliyah. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, tó bá jókòó nídìí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀, tí ẹnì kan bá ké pe Mubashir mìíràn lójú títì, ọrùn rẹ̀ á ti yí kó tó rántí.

Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, etí ọ̀sà ni wọ́n sì bí i sí. Ẹja ni ìyá rẹ̀, Ṣẹ̀rífátù, ń yan tà, ṣùgbọ́n kó tó bẹ̀rẹ̀ òwò ẹja, ó ti fi ọdún mọ́kànlá ṣiṣẹ́ agbálẹ̀ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ọsibítù kan. Ohun tó rí níbẹ̀ kò kúrò lára rẹ̀ mọ́. Kò sí omi tó ń wọ ẹnu ẹnikẹ́ni nílé rẹ̀ tí kò kọ́kọ́ hó lórí iná. Nígbà tí Mùnírátù wà ní kékeré, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé wọn nìkan ni wọ́n ti ń se omi jinná bí ẹ̀wà.

Nígbà tó parí ìwé mẹ́wàá, ó wá kọ́ṣẹ́ aṣọ lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ní Ìkòròdú. Níbẹ̀ ni Afọlábí ti rí i. Akunlé ni Afọlábí. Wọ́n gbé iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà fún un, iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni, ó sì fi ọjọ́ mẹ́fà kùn ún. Gbogbo àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀ ló mọ ìdí rẹ̀.

Ilé bàbá rẹ̀ ni Afọlábí mú un wọ̀ lẹ́yìn ìgbéyàwó. Bàbá náà, Bàbá Mọ́ṣúdù, ti kú, ṣùgbọ́n kànga rẹ̀ wà láàárín àgbàlá. Òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ, láyé ìgbà tí òpópónà náà látòkè délẹ̀ kò ní omi. Títí tó fi kú, kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó wá fa omi níbẹ̀. Sàráà ló pè é. Ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹnì kan bá ṣì ń mu omi náà ní Lásunwọ̀n, ẹ̀san rẹ̀ yóò máa bá òun nínú sàréè. Opó rẹ̀, Ìyá Afọlábí, gba ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ tọkàntọkàn. Ní àràárọ̀, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, òun ló máa ń ṣí ìdérí kànga, á ṣe àdúà fún ọkọ rẹ̀, kó tó ju péèlì sísàlẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí Mùnírátù wọlé, ó gbé omi kaná.

Ìyá Afọlábí wo ìkòkò náà. "Ìyàwó, kí lò ń sè?"

"Omi ni, Mà. Omi mímu."

"Omi mímu? Ṣé omi bàbá ọkọ rẹ ń rùn ni?"

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ẹ̀rín ló fi sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwọn ìyàwó ilé tó kù lágbàlá náà rẹ́rìn-ín, ojú sì ti Mùnírátù. Ó sọ ìkòkò kalẹ̀. Kò gbé omi mímu kaná mọ́ nílé náà.

Mubashir ń lọ sí oṣù mẹ́wàá nígbà tí inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí. Ìgbẹ́ náà ń ya gbuuru bí omi ìfọṣọ, ìgbà mẹ́jọ, ìgbà mẹ́sàn-án lójúmọ́. "Eyín ló ń hù," ni gbogbo ènìyàn wí. Òótọ́ sì ni pé eyín ń yọ lẹ́nu rẹ̀. Èyí ló mú kí ọ̀rọ̀ náà rọrùn láti gbà gbọ́. Wọ́n ra ìyẹ̀fun eyín fún un. Obìnrin kan ní kí wọ́n dín omi tí wọ́n ń fún un kù, pé omi tó ń wọlé náà ló ń di ìgbẹ́ tó ń jáde. Ó jọ ọgbọ́n létí, Mùnírátù sì dín in kù. Ní ọjọ́ kẹta, àwùjẹ̀ orí ọmọ náà ti jìn wọnú. Ó ń sunkún, omijé kò jáde. Afọlábí sáré dé láti ibi iṣẹ́, ọ̀dà ṣì wà lápá rẹ̀, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, ṣùgbọ́n wọn kò tíì dé ọsibítù nígbà tí ọmọ dákẹ́ lẹ́sẹ̀ ìyá rẹ̀. Oòrùn wà ní àtàrí. Wọ́n ti sin ín kí wọ́n tó kírun Laásárì.

Ṣẹ̀rífátù dé láti Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ó jókòó ti ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Nígbà tí yàrá dá, ó béèrè jẹ́jẹ́ pé:

"Ṣé o máa ń se omi?"

Mùnírátù yíjú sí ògiri. Ìyá rẹ̀ kò sì béèrè mọ́ láti ọjọ́ náà.

Àwọn tó ń tu Mùnírátù nínú rò pé ẹ̀rín ọmọ náà ni yóò máa sọ ọ́ ní àárò, tàbí ariwo rẹ̀. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ ni. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ló máa ń pọ̀n ọ́n kó tó lọ ti ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ rẹ̀, nítorí náà, tí ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ bá ti tó, ẹ̀yìn rẹ̀ á máa wá ohun tó sọnù. Ó lè tún ìró ró lẹ́ẹ̀mẹta, kó máa tẹ̀ síwájú díẹ̀ bí ẹni tó gbé nǹkan, kó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tóun ń ṣe. Ọdún kan kọjá, ẹ̀yìn náà kò gbàgbé.

Wọ́n bí Waliyah ní ọdún kejì. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá. Mùnírátù fún ọmọ yìí lọ́yàn fún oṣù mẹ́fà láìfi omi kan án lẹ́nu, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi ìgbàbẹ́rẹ́ àjẹsára. Lẹ́yìn náà, ó ra ìkòkò kékeré kan, ó ń se omi ọmọ náà nínú yàrá lórí sítóòfù, ó ti ilẹ̀kùn. Ìyá Afọlábí mọ̀, ó sì dùn ún.

Ohun tí Mùnírátù kò rò ni pé ọmọ kì í wà lórí ẹsẹ̀ ìyá títí. Waliyah rìn, ó ń sáré kiri àgbàlá, ó ń fi ife ìyá àgbà rẹ̀ mu omi, ó ń tẹ ọwọ́ sínú garawa ẹni tó ń fọ abọ́. Ó pé ọdún méjì àtààbọ̀ nígbà tí ara rẹ̀ gbóná lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ́ kan. Kó tó di àkókò ìrun Laásárì, ó ti lọ sórí póò lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí Mùnírátù wo inú póò ní ìgbà karùn-ún, ikun àti ẹ̀jẹ̀ ló wà níbẹ̀.

"Jẹ̀díjẹ̀dí ni," ni àwọn ará ilé wí. "Súìtì tí ọmọ yìí ń jẹ ti pọ̀ jù. Ẹ wá àgbo jẹ̀díjẹ̀dí fún un."

Mùnírátù kò tilẹ̀ dúró gbọ́rọ̀ tán. Ó ti gbé ọmọ sẹ́yìn. Ó ti wọ kẹ̀kẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù kó tó rí i pé bàtà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òun wọ̀ sí ẹsẹ̀ méjèèjì.

Ọ̀dọ́bìnrin ni dókítà tó gbà wọ́n, Moyọ̀sọ́rẹ ni wọ́n kọ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó fa awọ ikùn Waliyah, ó wò ó bó ṣe ń padà. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo ẹnu rẹ̀. Ó ní kí wọ́n po omi iyọ̀-òun-ṣúgà, kí Mùnírátù máa fi ṣíbí bù ú fún un díẹ̀díẹ̀, bó bá bì í, kí ó sinmi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí wọ́n gba ìgbẹ́ ọmọ náà lọ yẹ̀ wò.

"Ìgbẹ́ ọ̀rìn ni, Mọ́mì," ló wí nígbà tí èsì jáde. "Kì í ṣe súìtì ló fà á. Kòkòrò àrùn tí ojú kò lè rí ni. Inú ìgbẹ́ ẹlòmíràn ló ti ń wá, ẹnu ló sì ń gbà wọlé, nínú omi, lára ọwọ́ tí a kò fọ̀, lára oúnjẹ tí eṣinṣin bà lé. Tó bá dénú, á máa gé ìfun jẹ. Ẹ̀jẹ̀ tí ẹ rí nìyẹn. Oògùn wà fún un, ẹ má bẹ̀rù, ẹ tètè dé."

Mùnírátù bu ṣíbí kan sọ́mọ lẹ́nu. Ó bu òmíràn. Lẹ́yìn náà ó wí, láìgbé ojú sókè:

"Dókítà, ọmọ tí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá ti wọnú, tó ń sunkún tí kò lómijé... bí wọ́n bá ti ń fún un ní omi báyìí látìbẹ̀rẹ̀ ńkọ́?"

Dókítà náà fi bírò sílẹ̀. "Ọmọ yín ni?"

"Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni."

"Ẹ ò mọ̀ nígbà yẹn, Mọ́mì."

"Mo mọ̀," ni Mùnírátù wí. "Ìyá mi ti kọ́ mi láti máa se omi."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n lò níbẹ̀. Kí wọ́n tó lọ, dókítà béèrè irú omi tí wọ́n ń mu nílé, ó sì béèrè bí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe jìnnà sí kànga tó. Mùnírátù kò mọ̀. Nígbà tó délé, ó mú téèpù tó fi ń wọn aṣọ, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀ láti etí kànga títí dé orí kọnkéré sọkàwéè, ihò ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Téèpù mẹ́ta àti ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan ni, kò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìndínlógún. Dókítà ti sọ pé ó yẹ kó tó ọgọ́rùn-ún. Mùnírátù ká téèpù náà padà, ó sì dúró níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ lọ́wọ́.

Afọlábí gbà á gbọ́. Òun ló bá ìyá rẹ̀ sọ ọ́, tòun ti ìyàwó rẹ̀ lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá Afọlábí gbọ́ ọ dópin. Ó ní:

"Ọmọ méje ni mo fi omi yẹn tọ́, gbogbo wọn ló dàgbà. Ìwọ Afọlábí wà nínú wọn. Ṣé ẹ fẹ́ kí n lọ dí ojú sàráà ọkọ mi? Kí n wí fún un nínú sàréè pé omi tó gbẹ́ ń pa ọmọ ọmọ rẹ̀?"

"Ìyá, a ò sọ bẹ́ẹ̀," ni Afọlábí wí.

"Ohun tí ẹ sọ gan-an nìyẹn."

Lóòótọ́, ohun tí wọ́n sọ nìyẹn. Mùnírátù ní kí àwọn lọ háyà yàrá sí ibòmíràn, ṣùgbọ́n Afọlábí ni àrẹ̀mọ. Bó bá jáde nílé bàbá rẹ̀ nítorí omi, gbogbo ẹbí ni yóò gbọ́, ìyá rẹ̀ ni wọn yóò sì dá lẹ́bi. Ó bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó ṣe sùúrù. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí òjò pọ̀ tí omi kànga ga sókè tó sì pọ́n díẹ̀, ìgbẹ́ ọ̀rìn tún mú Waliyah. Wọ́n tún padà sí ọsibítù kan náà, wọ́n tún bá dókítà kan náà.

Lọ́jọ́ tí wọ́n jáde, Mùnírátù kò gba ọ̀nà ilé. Ó gba gáréèjì lọ, ó wọ ọkọ̀ Ẹ̀pẹ́. Ọmọ sùn sí i láyà láti Ìmọ́tà títí wọ́n fi kọjá Ìtòìkín. Ó ti rù débi pé egungun èjìká rẹ̀ ń gún ìyá rẹ̀ lára.

Ṣẹ̀rífátù wà nídìí ààrò ẹja nígbà tí wọ́n dé. Ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó gba ọmọ.

"Títí dìgbà wo?" ló béèrè.

"Títí wọn ó fi rí nǹkan ṣe sí omi yẹn, Ìyá mi."

Mùnírátù rò pé oṣù mẹ́ta ni. Ọdún méjì ni ó jẹ́.

Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, lọ́jọ́ Àìkú, ló máa ń lọ. Ìyókù, fóònù ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀, Waliyah á gba fóònù mọ́ra, á máa fi ẹnu kan ojú ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀, gbogbo fídíò á di ihò imú. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní iṣẹ́ tirẹ̀. Á dáhùn ìbéèrè méjì, á ní, "Mọ́mì Ìkòròdú, mò ń bọ̀, adìyẹ wa ti pa ọmọ," á sì sá lọ, fóònù á máa wo òrùlé. Ṣẹ̀rífátù ló ń pè ní "Ìyá mi". Mọ́mì Ìkòròdú ni ẹni tó bí i. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ọmọdé kàn ń fi orúkọ ibi tí ènìyàn wà pe ènìyàn ni.

Aṣọ ilé ìwé ni Mùnírátù ń rán jù, nítorí náà ara ọmọ ẹlòmíràn ni ó ń wọ̀n látàárọ̀ dalẹ́. Èjìká, àyà, gígùn. Ó mọ bí ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta àti ọlọ́dún mẹ́rin ti ń rí, ṣùgbọ́n kò mọ ti ọmọ tirẹ̀. Aṣọ tó kọ́kọ́ rán ránṣẹ́ kéré. Ṣẹ̀rífátù ní ẹja ọ̀sà ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ̀ ti ń fi òwú wọn ọmọ fún un. Á na Waliyah mọ́ ara ògiri, á ta òwú láti àtàrí dé gìgísẹ̀, á gé e, á ká a sínú bébà. Nígbà tí Mùnírátù bá gbà á, kì í tètè tú u sórí téèpù. Á kọ́kọ́ gbé òwú náà dúró nínú afẹ́fẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ á kan ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, á sì máa wo orí rẹ̀ níbi tó dé. Ibẹ̀ ni ojú Waliyah yóò wà bó bá dúró níwájú òun. Oníbàárà kan bá a bẹ́ẹ̀ rí, ó béèrè pé kí ló ń wò. Ó ní òwú ni.

Ọmọ náà kò sì ṣàìsàn mọ́. Èyí ni ó jẹ́ kí ó nira jù. Ká ní ara rẹ̀ kò yá ní Ẹ̀pẹ́ ni, ìyá rẹ̀ ì bá ti gbé e padà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, ẹsẹ̀ rẹ̀ le. Ó ń sọ èdè Ẹ̀pẹ́ bí arúgbó. Gbogbo ìgbà tí Mùnírátù bá rí i pé ó ti sanra sí i, inú rẹ̀ á dùn, àárò rẹ̀ á sì tún sọ ọ́. Nínú ọkọ̀ tó bá ń padà, á máa gbóòórùn ẹja yíyan lára aṣọ rẹ̀, kò sì ní fọ aṣọ náà títí di Ọjọ́rú.

Àárò náà kò mọ sọ́dọ̀ rẹ̀ nìkan. Iléyá méjì kọjá tí Ìyá Afọlábí kò rí ọmọ ọmọ rẹ̀ kó bu ẹran fún. Wọ́n rí i pé ó máa ń yọ ẹ̀dọ̀ sọ́tọ̀ nínú àwo kékeré kan, tí yóò sì jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ni yóò jẹ ẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn Iléyá kejì, ó wí fún Mùnírátù pé:

"Ìyàwó, tí o bá ń lọ sí Ẹ̀pẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, mò ń bá ọ lọ. Mo fẹ́ rí ọmọ mi."

Wọ́n jọ wọkọ̀. Ìyá Afọlábí gbé àpò ẹran sórí ẹsẹ̀, ó sì gbé ìgò omi ńlá kan há abíyá. Mùnírátù mọ omi tó wà nínú rẹ̀. Láti Ìkòròdú títí dé Ẹ̀pẹ́, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìgò náà.

Waliyah kò mọ ìyá àgbà rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ kí i bí wọ́n ṣe kọ́ ọ láti máa kí àlejò, ó sì fẹ́ padà sí ìdí eré rẹ̀. Ìyá Afọlábí fà á mọ́ra, ó ń pe oríkì rẹ̀, omi ń lé róró lójú rẹ̀. Nígbà tó ṣe, ó ṣí ìgò náà, ó bù sínú ife, ó nà án sí i.

"Gbà, Àníkẹ́ mi. Omi bàbá bàbá rẹ nìyí. Mu ún kó o rí alùbáríkà."

Mùnírátù ti ń dìde. Ṣùgbọ́n Waliyah kò tíì gba ife náà. Ó wo inú rẹ̀, ó wo ojú ìyá àgbà, ó sì béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ọmọ ọdún mẹ́rin àtààbọ̀ ti lè béèrè ohun tí ó ń gbọ́ lójoojúmọ́:

"Ìyá, ṣé ẹ ti sè é?"

Ṣẹ̀rífátù yí ojú sí ibi ẹja rẹ̀ kó má bàa dójú ti àlejò. Ìyá Afọlábí wo inú ife náà. Lẹ́yìn náà, ó dìde, ó da omi náà sídìí igi àgbọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, ó sì da èyí tó kù nínú ìgò tẹ̀ lé e.

"N kò tíì sè é, ọmọ mi," ló wí.

Nígbà tí wọ́n ń padà, wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Agbówà kí Ìyá Afọlábí tó sọ̀rọ̀. Iwájú ló ń wò.

"Ọmọ mẹ́sàn-án ni mo bí, Mùnírátù. Méje ni ẹ mọ̀. Wọ́n ní eyín ló pa àkọ́kọ́. Nígbà tí èkejì lọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àbíkú ni, wọ́n fi abẹ sí i lára kí wọ́n tó sin ín. Ọmọ oṣù mọ́kànlá."

Mùnírátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ìgbà àkọ́kọ́ tí ó fọwọ́ kàn án láìṣe pé ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

"Tí mo bá gbà pé omi yẹn ló pa tìrẹ," ni ìyá náà tún wí, "ṣé o mọ ohun tí mo gbà?"

"Mo mọ̀, Mà."

Ó mọ̀ lóòótọ́. Kò sẹ́ni tó tún lè mọ̀ ọ́n jù ú lọ.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Ìyá Afọlábí kò ṣí ìdérí kànga. Ó ṣe àdúà rẹ̀ níbẹ̀, ó sì pe Afọlábí pé kó wá fi kọnkéré dí i. Ó ní bí sàráà ọkọ òun bá jẹ́ omi tó mọ́, kí àwọn ọmọ rẹ̀ wá omi tó mọ́ dípò rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèje dáwó jọ. Oṣù mẹ́ta ló gbà wọ́n kí wọ́n tó gbẹ́ bọ́ọ̀hóòlù síwájú ilé, ní etí títì, níbi tó jìnnà sí sọkàwéè jù lọ, wọ́n sì mú omi rẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí ẹnikẹ́ni tó mu ún. Wọ́n yọ ẹ̀rọ omi kan sí ìta fún àwọn ará àdúgbò, wọ́n kọ orúkọ Bàbá Mọ́ṣúdù sí i. Síbẹ̀, Mùnírátù ń se èyí tí wọ́n ń mu nílé. Lórí ààrò ìta ni ó ń sè é báyìí, Ìyá Afọlábí ló sì máa ń fẹ́ iná.

Ó lọ mú ọmọ rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, kó lè bá wọn bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Ọdún méjì ni ó ti ń rò ó bí ọjọ́ náà yóò ti rí. Kò rò pé Waliyah yóò di òpó ìlẹ̀kùn mú. Kò rò pé yóò máa kígbe "Ìyá mi! Ìyá mi!" láti ilé títí dé gáréèjì, kì í sì í ṣe òun ló ń pè. Ṣẹ̀rífátù kò tẹ̀ lé wọn dé ìdí ọkọ̀. Ó ní òun ní ẹja lórí iná. Mùnírátù bojú wẹ̀yìn, ó rí i pé kò sí èéfín lórí ààrò náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọmọ náà fi sunkún. Kò jẹun dáadáa, ó ń béèrè àwọn adìyẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mùnírátù, tó ti fi ọdún méjì wá a, wá ní in lọ́wọ́, ó sì tún ń wá a. Ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lọ́sàn-án ọjọ́ kan.

"Ṣé mo ṣe dáadáa, Ìyá mi?"

"O ṣe dáadáa."

"Ẹ̀yin ńkọ́? Báwo lẹ ṣe wà?"

"Mo ṣì ń se omi tí n kò lè mu tán," ló wí.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, Mùnírátù mú ọmọ lọ sí Ìjẹ̀dẹ̀, sí etí ọ̀sà, nítorí pé ó gbọ́ tí Waliyah ń bi bàbá rẹ̀ pé níbo ni wọ́n kó omi ńlá pamọ́ sí ní Ìkòròdú. Wọ́n jókòó sórí pákó ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n dojú rẹ̀ dé. Àwọn apẹja ń tún àwọ̀n wọn ṣe. Waliyah wo omi náà títí, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, ó fara ti ìyá rẹ̀.

"Mọ́mì, ṣé Ẹ̀pẹ́ nìyẹn?" Ó nàka sí igbó tó wà lódì kejì.

"Rárá. Ẹ̀pẹ́ wà lọ́nà ibẹ̀ yẹn, lápá òsì. Ojú wa ò lè tó o níbí."

"Ṣùgbọ́n omi yìí dé ibẹ̀?"

"Ó dé ibẹ̀."

Ọmọ náà rò ó. Ó bọ́ bàtà rẹ̀, ó tẹsẹ̀ bọ omi níbi tí kò ti jìn, ó sì dúró. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Mùnírátù ká ìró rẹ̀ sókè, ó bọ́ bàtà tirẹ̀ náà, ó lọ dúró tì í.